Ǹjẹ́ Bíbélì Tí A Túmọ̀ Ní Ìmísí Ọlọ́run?

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa wa Jésù Kristi,

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fi ìbéèrè kan sínú àpótí Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, mo sì rò pé ó tọ́ kí n fi ojú ewé ọ̀sẹ̀ yìí dáhùn rẹ̀, nítorí kì í ṣe èyí tí a lè fi gbólóhùn méjì ré kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, bí ó bá jẹ́ pé èdè Hébérù àti ti Gíríìkì ni àwọn wòlíì àti àwọn àpọ́sítélì fi kọ̀wé, ṣé a lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Bíbélì Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ wa ní ìmísí Ọlọ́run, àbí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni? Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn lọ́kàn. Àwọn kan nínú yín ti bá aládùúgbò tí ó jẹ́ Mùsùlùmí jókòó rí, tí onítọ̀hún sọ pé àwọn ní Àlùkùránì ní èdè tí a fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí ó sì béèrè ibi tí ojúlówó tiwa wà, tí ẹnu yín sì wọhò.

N ó sọ ibi tí mo dúró sí kí n tó sọ ìdí rẹ̀. Àwọn tí Ẹ̀mí Mímọ́ mí sí ni àwọn wòlíì àti àwọn àpọ́sítélì, ó sì ṣe iṣẹ́ náà parí nínú wọn. Kò sí ibì kankan nínú Ìwé Mímọ́ tí a ti ṣèlérí irú ìmísí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí yóò máa túmọ̀ ìwé wọn lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run mí sí kì í dúró sẹ́yìn nígbà tí a bá gbé e kọjá sí èdè mìíràn. Níwọ̀n bí ìtumọ̀ kan bá ti sọ ohun tí wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni ó ń sọ, àṣẹ Ọlọ́run sì wà lórí rẹ̀ fún ẹni tí ó ń kà á àti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ. Nítorí náà Bíbélì Yorùbá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, síbẹ̀ a lè yẹ̀ ẹ́ wò, a lè tún un ṣe, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Pétérù kọ̀wé nínú èpísítélì rẹ̀ kejì pé àsọtẹ́lẹ̀ kan kò ti ipa ìfẹ́ ènìyàn wá rí, ṣùgbọ́n pé àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run bí a ti ń darí wọn láti ọwọ́ Ẹ̀mí Mímọ́ wá. Ìdarí yìí yàtọ̀ sí ìrànlọ́wọ́ tí Ẹ̀mí ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ó ń fi òtítọ́ ṣiṣẹ́ Ọlọ́run. Mo gbà tọkàntọkàn pé Ẹ̀mí ran àwọn olùtumọ̀ lọ́wọ́. Ó ń ran oníwàásù náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ìrànlọ́wọ́ àti ìmísí bá jẹ́ ohun kan náà, a jẹ́ pé ìwàásù tèmi náà ti di apá kan Ìwé Mímọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò ní gbà, pàápàá àwọn tí wọ́n máa ń yọjú wo aago.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí àwọn àpọ́sítélì fúnra wọn ṣe, nítorí ibẹ̀ ni agbára ọ̀rọ̀ yìí wà. Ó ju igba ọdún lọ kí a tó bí Olúwa wa tí àwọn Júù tí wọ́n ń gbé ní Alẹkisáńdíríà, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ti bẹ̀rẹ̀ sí túmọ̀ ìwé òfin Mósè sí èdè Gíríìkì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ Hébérù mọ́. Ìtumọ̀ náà, pẹ̀lú àwọn ìwé yòókù tí a fi kún un lẹ́yìn náà, ni a ń pè ní Septuagint. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí Tímótíù pé láti ìgbà ọmọdé ni ó ti mọ Ìwé Mímọ́, ẹ rántí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀: ọmọ Lístírà ni, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, Gíríìkì ni bàbá rẹ̀, a kò sì tilẹ̀ kọ ọ́ nílà títí ó fi di géńdé. Ó ṣòro láti rò pé ìwé Hébérù ni Yùníìsì ìyá rẹ̀ àti Lóìsì ìyá-ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ìtumọ̀ ni ọmọ náà gbọ́ dàgbà. Síbẹ̀ ìwé tí ọmọ yìí mọ̀ láti kékeré, tí ó lè sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n sí ìgbàlà, ni Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn nígbà tí ó kọ gbólóhùn tí gbogbo wa mọ̀ sórí, pé gbogbo ìwé mímọ́ ni ó ní ìmísí Ọlọ́run. Kò dá Tímótíù dúró láti sọ fún un pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti gidi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí, kí ó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀ sí Orin Dáfídì ogójì, ẹsẹ ìkẹfà. Níbẹ̀ ni onípsálmù ti sọ pé ẹbọ àti ọrẹ ni Ọlọ́run kò fẹ́, "etí mi ni ìwọ ti ṣí." Lẹ́yìn náà kí ó ṣí ìwé Hébérù orí kẹwàá, ẹsẹ ìkarùn-ún, níbi tí a ti mú ẹsẹ yìí kan náà wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Kristi nígbà tí ó wá sí ayé: "ṣùgbọ́n ara ni ìwọ ti pèsè fún mi." Etí ti di ara. Ta ni ó yí i padà? Àwọn olùtumọ̀ wa kò ṣe àṣìṣe níbì kankan. Ṣe ni wọ́n fi òtítọ́ túmọ̀ ohun tí wọ́n bá ní ibi méjèèjì. Hébérù ni Orin Dáfídì ti wá, nígbà tí ẹni tí ó kọ ìwé sí àwọn Hébérù ń ka Septuagint, níbi tí ẹsẹ náà ti sọ̀rọ̀ nípa ara. Kò sì kàn fà á yọ lásán. Ó gbé àlàyé rẹ̀ kà á lórí, ó sì sọ ní ẹsẹ ìkẹwàá pé nípa ẹbọ ara Jésù Kristi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a ti sọ wá di mímọ́. Èyí túmọ̀ sí pé Ẹ̀mí Mímọ́, nígbà tí ó ń darí ẹni tí ó ń kọ Májẹ̀mú Tuntun, kò kọ̀ láti lo Bíbélì tí a túmọ̀, kódà ní ibi tí ìtumọ̀ náà kò ti ṣe rẹ́gí pẹ̀lú Hébérù tí a ní. Bí èyí bá tọ́ lójú Ẹ̀mí, èmi kò mọ ẹni tí yóò sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ìwẹ̀fà ará Etiópíà náà ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí ó ń kà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti inú Àìsáyà, bí Lúùkù ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ, bá Septuagint mu. Fílípì gòkè bá a jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìwé mímọ́ yìí kan náà, ó ń wàásù Jésù fún un. Láti inú ìtumọ̀ ni ará Áfíríkà yìí ti pàdé Olùgbàlà, omi sì wà nítòsí.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà ronú sí. Èdè Árámáìkì ni Olúwa wa fi ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé àti lójú ọ̀nà. Máàkù fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, "Talita kumi" àti "Efata," àti igbe rẹ̀ lórí àgbélébùú, ó sì túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ohun tí Jésù sọ, èdè Gíríìkì ni ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwàásù orí òkè, òwe ọmọ onínàákúnàá, Àdúrà Olúwa, ìwọ̀nyí ti di ìtumọ̀ kí wọ́n tó di ìwé ìhìnrere. Lóòótọ́ ni ìmísí wà lórí àwọn tí ó ṣe ìtumọ̀ yẹn, nítorí náà n kò fi wọ́n wé àwọn olùtumọ̀ ìgbà tiwa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀sìn tiwa kò ní ìgbà kan rí tí èdè kan ṣoṣo jẹ́ ilé tí kò gbọdọ̀ jáde nínú rẹ̀.

Ìyẹn ni mo rò pé a lè fi dá aládùúgbò wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nínú ẹ̀sìn tirẹ̀, Lárúbáwá ni Àlùkùránì, àlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni èyí tí a bá kọ ní Yorùbá. A gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un pé ó mọ ohun tí ó gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n tiwa kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí kò kọ́ àwọn ará Pátíà àti Mídíà àti Íjíbítì ní Hébérù kí wọ́n tó gbọ́ iṣẹ́ ìyanu ńlá Ọlọ́run. Èdè tí a bí wọn sí ni olúkúlùkù wọn fi gbọ́. Bí ó bá sì béèrè ibi tí ojúlówó wà, ẹ sọ fún un pé ó wà nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Hébérù àti Gíríìkì tí ó pọ̀ yanturu, tí àwọn olùtumọ̀ ń padà sọ́dọ̀ wọn nígbà gbogbo. Èyí tí wòlíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò sí mọ́ níbì kankan, ẹ̀dà ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí àwọn àkájọ ìwé Kúmúránì nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú láti 1947 lọ, tí a rí odindi ìwé Àìsáyà tí ó fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún dàgbà ju àwọn ẹ̀dà Hébérù tí a ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé rí i pé, yàtọ̀ sí ìyàtọ̀ kéékèèké, ìwé kan náà ni.

Mo máa ń ronú pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ kò ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ sí bí àwa ti kà á sí. Wàláà òfin tí Ọlọ́run fi ìka ara rẹ̀ kọ, Mósè fọ́ ọ ní ìsàlẹ̀ òkè, Ọlọ́run sì ní kí ó gbẹ́ méjì mìíràn. Ní ọjọ́ Jeremáyà, ọba Jèhóákímù ń fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé ìwé tí Bárúkù kọ láti ẹnu wòlíì náà, ó ń jù ú sínú iná ààrò títí gbogbo rẹ̀ fi jóná. Jeremáyà mú ìwé mìíràn, Bárúkù tún kọ ọ́, a sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ irú rẹ̀ kún un. Èyí tí ó tẹ̀ lé èyí tí ó jóná ni a ń kà lónìí. Kò sí ẹni tí ó tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé Jeremáyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ Olúwa.

Àríyànjiyàn lórí èyí ti wà láti ìgbà àwọn bàbá ìjọ. Philo, ọ̀mọ̀wé Júù ará Alẹkisáńdíríà, gbàgbọ́ pé wòlíì ni àwọn tí ó ṣe Septuagint, pé wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyàtọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń pè é fún wọn láìfi ara hàn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hípò ní Àríwá Áfíríkà, fara mọ́ ọn pé Ẹ̀mí kan náà tí ó wà nínú àwọn wòlíì wà nínú wọn. Jerome, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kò gbà. Ó ní ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn jẹ́ wòlíì, ọ̀tọ̀ ni kí ó jẹ́ olùtumọ̀. Ní tèmi o, Jerome ni mo tì lẹ́yìn. Bí a bá sọ olùtumọ̀ di wòlíì, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa, nítorí ta ni yóò gbójú gbóyà tún ọ̀rọ̀ wòlíì ṣe? Augustine sọ ìtàn kan nínú lẹ́tà rẹ̀ sí Jerome ní 403 tí ó lè pa wá lẹ́rìn-ín bí kò bá jọ ti ìjọ òde òní tó bẹ́ẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù ìlú Oea, tí ó wà ní ibi tí Tírípólì wà ní Líbíà lónìí, ka ìtumọ̀ tuntun ti Jerome nínú ìsìn, ó sì kan orúkọ igi tí ó ṣíji bo Jónà, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ láti ayébáyé. Ariwo ta. Díẹ̀ ló kù kí gbogbo ìjọ pa bíṣọ́ọ̀bù náà tì sílẹ̀ nítorí ewé lásán.

Bí Bíbélì tiwa ṣe dé ọwọ́ wa náà yẹ ní mímọ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ kò ní sọ pé ó já bọ́ láti ojú sánmà, kò sì ní fi ojú kékeré wò ó. Ọmọ Òṣoògùn ni Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn akónilẹ́rú mú un ní 1821, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Nígbà tí ó wàásù ní èdè Yorùbá níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè abínibí òun, ṣe ni òun dà bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó ń tẹ́tí sí àwọn àgbà, ó ń kó òwe jọ, ó ń wádìí àṣà àti ìtàn kí ó lè mọ bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé Róòmù rẹ̀ jáde ní 1850. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Thomas King, tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, wà níbẹ̀, àti àwọn míṣọ́nnárì bíi David Hinderer. Ní 1862 iná jó ilé Crowther ní Èkó, ó sì jó àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Títí di 1875 ni wọ́n ṣì ń pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Odindi Bíbélì jáde ní 1884, a yẹ̀ ẹ́ wò, àtúnṣe rẹ̀ sì jáde ní 1900. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé wá sí ilé Ọlọ́run.

Bí àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà bá rò pé ìmísí ni àwọn fi ń kọ, kí ni wọ́n ń ṣe àtúnṣe fún? Wọ́n tún un ṣe nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun kan wà tí ó ga ju tiwọn lọ, tí àwọn ń gbìyànjú láti dé. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, èyí tí a ń pè ní ti King James, sọ irú rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ọba sọ ní ilé ìgbìmọ̀, bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé tàbí Látìn, ọ̀rọ̀ ọba náà ni, bí olùtumọ̀ kan kò tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ dá tó èkejì. Ó ṣe mí láàánú pé àwọn kan ń fi ìwé àwọn ènìyàn yìí kan náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun nìkan ni Ọlọ́run fi ọwọ́ sí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ ọ̀rọ̀ tí ó ká mi lára. Nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, bí àríyànjiyàn bá dé, mo máa ń gbọ́ kí ẹnìkan gbé fóònù rẹ̀ sókè pé, "Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì nìyí," gbogbo ilé á sì dákẹ́, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni Mósè gbọ́ lórí òkè Sínáì. Ìtumọ̀ ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti ti Yorùbá, ìjókòó kan náà ni wọ́n wà, iwájú Hébérù àti Gíríìkì ni wọ́n jọ ń jẹ́jọ́. Ní 1631, àwọn òǹtẹ̀wé ọba ní Lọ́ńdọ́nù tẹ Bíbélì kan tí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òfin keje, tí ó fi di àṣẹ pé kí ènìyàn ṣe panṣágà. Wọ́n jẹ owó ìtanràn lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Ọlọ́run yí ọkàn padà ní ọdún náà. Àwọn ènìyàn mọ̀ pé ibi tí ìwé náà ti kùnà ohun tí Mósè kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run níbẹ̀, ibi tí ó sì ti bá a mu, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa náà, ẹ gbà mí láyè. Ó ń dun àwọn kan nínú yín nígbà tí a bá ka ìtumọ̀ tuntun nínú ìsìn, nítorí kò dún létí bí èyí tí ẹ há sórí láti kékeré, ó sì mọ́ mi lára bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin. Ẹwà Bíbélì àtijọ́ kò ṣeé fi ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ń kọsẹ̀ lórí "nwọn" àti "aiye," àwọn mìíràn sì ń ka ẹsẹ kan tán láìmọ ohun tí wọ́n kà. Ní ìgbà Nehemáyà, àwọn ọmọ Léfì ka ìwé òfin ketekete, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mú kí ìwé kíkà náà yé àwọn ènìyàn. Àwọn ènìyàn náà sì sọkún nígbà tí ó yé wọn. Bí ó bá jẹ́ dídún rẹ̀ létí wa ni ìmísí wà, a jẹ́ pé àwọn ará Oea jàre.

Nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé a ó ka Orin Dáfídì ogójì àti Hébérù orí kẹwàá pọ̀ ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì ti Ọjọ́rú yìí, láti inú Bíbélì àtijọ́ àti láti inú èyíkéyìí nínú àwọn ti òde òní tí ẹ bá ní. Kí ẹni tí ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì mú un wá pẹ̀lú, kò sí ẹni tí yóò lé e. Ọ̀dọ́ tí ó kọ ìbéèrè yìí kò kọ orúkọ sí i. Bí ó bá fẹ́, kí ó jókòó ní ìlà iwájú, nítorí òun ni n ó kọ́kọ́ pè láti kàwé.